Àṣẹ́kù Inú Ìgò Màmá Bọ́gì

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìyá mi wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Mẹ́kà, orúkọ kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé wọn tí wọn kò tíì fi báírò fa ìlà sí.

Ìwé ọmọ iléèwé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù. Orúkọ mẹ́tàdínlógójì ni Mọ́mì kọ sínú rẹ̀, gbogbo ẹni tí wọ́n rò pé àwọn ti ṣẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ń lọ sí ilé Ọlọ́run gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní mọ́ṣáláṣí wa. Mọ́mì ti pe Aunty Kíkẹ́lọmọ tí àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin nítorí ìkòkò kan. Wọ́n tilẹ̀ dúró ní ibùdókọ̀ Camberwell Green fún wákàtí kan gbáko, wọ́n ń retí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n bú lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin náà kò rántí ẹ̀bú ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó forí jì wọ́n.

"Mọ́mì, mi ò rí orúkọ tèmi níbẹ̀ o," ni Nusaybah àbúrò mi wí. "Ṣé ẹ ò ṣẹ̀ mí rí ni?"

"Ìwọ, lọ ra ìwé tìrẹ. Orúkọ mi nìkan ló máa kún un."

Orúkọ tó kù náà ni Màmá Bọ́gì. Gbogbo ìgbà tí Mọ́mì bá ṣí ìwé yẹn, ojú wọn á dé ibẹ̀, wọ́n á tún pa á dé. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé èmi ni mo dá kún ọ̀ràn náà.

Borghild Nesvik ni orúkọ wọn gan-an, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni Mọ́mì ti sọ pé ahọ́n àwọn ò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán ni wọ́n, ọmọ Nọ́wè. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n, wọ́n sì ń dá gbé ní àjà kẹrin ilé kan nítòsí Rye Lane, níbi tí líìfùtì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Ọdún kọkànlá rèé tí Mọ́mì ti ń tọ́jú wọn. Láràárọ̀, Mọ́mì á ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wẹ̀, wọ́n á po tíì, wọ́n á fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti hóró epo ẹja kan, èyí tí Màmá Bọ́gì máa ń gbé mì bí ọmọ tí wọ́n fi tipá rọ lágbo.

"Àsúmáù, ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀," ni Màmá Bọ́gì máa ń wí fún Mọ́mì.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ló níyọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé. Ẹ̀fọ́ tí Mọ́mì bá fi orí panla sè nìkan ni Màmá Bọ́gì kì í wá ẹ̀sùn sí. Wọ́n á fi ìka tẹ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ panla náà, wọ́n á ní, "Ará abúlé mi rèé."

Òótọ́ sì ni. Erékùṣù kan ní òkè réré Nọ́wè ni wọ́n bí wọn sí, níbi tí oòrùn kì í ti í yọ rárá fún odindi oṣù kan nígbà òtútù. Apẹja ni bàbá wọn. Wọ́n á so ẹja rọ̀ sórí igi nínú afẹ́fẹ́ títí yóò fi le bí pátákó, wọ́n á dì í sínú àpò, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e lọ fún àwọn tó mọ iyì rẹ̀. Màmá Bọ́gì ṣiṣẹ́ nínú ilé ìkẹ́ja-sí, ilé tí wọ́n ti ń di ẹja náà sínú àpò, láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Wọn kò sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fún mi, èmi náà ò sì béèrè.

Nígbà tí wọ́n pé ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n lọ kọ́ àwòrán yíyà ní ìlú Bergen. Olùkọ́ kan níbẹ̀ sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn dára púpọ̀, fún kíkun ara ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń nu ilẹ̀ ọsibítù ní Camberwell láàárọ̀ kùtù, wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n ń yàwòrán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ń di olókìkí, ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwòrán tiwọn kọ́ sí. Ibùdókọ̀ ni wọ́n ń yà, àti ẹ̀yìn ilé ìtajà, àti àwọn obìnrin tó ń dúró de bọ́ọ̀sì kí ojúmọ́ tó mọ́ láti lọ nulẹ̀ fún àwọn tó ṣì ń sùn. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àfihàn fún wọn nìkan, ní yàrá ìkàwé kan ní New Cross. Èèyàn méje ló wá. Méjì nínú wọn ń sá fún òjò.

Ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwòrán wọn dà bí ọjọ́ tí kò tíì bọ́jú. Màmá Bọ́gì gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì wà níbẹ̀ dòní. "Òótọ́ ló sọ," ni wọ́n wí fún mi. "Ojú tí kò tíì bọ́ ni mo fẹ́ràn jù."

Nínú ọ̀kan lára àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa, ó wọ hìjáábù, ó gbé báàgì méjì dání. Mọ́mì búra pé kóòtù àwọn nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó pàdé ni Màmá Bọ́gì yà á. Mọ́mì ní àwọn mọ kóòtù àwọn.

Ibi tí mo ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé lọ́dún tó kọjá, ilé ìṣàfihàn kan ní ìhà ibi tí wọ́n ti bí Màmá Bọ́gì kọ lẹ́tà wá. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ ayé wọn jọ sábẹ́ òrùlé kan, wọ́n fẹ́ mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n sì ń tọrọ àwòrán tuntun kan láti fi parí rẹ̀. Màmá Bọ́gì kò kọ déètì sára àwòrán rí. Mọ́mì wá sọ fún wọn pé, "Mo ní ọmọ kan nílé tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ fún un ní ohun tó ta kókó, ẹ óò sinmi."

Mo kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, mo sì ti fi iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ọdún méjì. Bí iṣẹ́ kan bá ti yé mi tán, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ti Màmá Bọ́gì kò tètè yé mi. Àwòrán igba ó lé mọ́kànlá ni mo tò sí ara ògiri, mo ń wo ojú wọn fún oṣù kan, n kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kan ni mo wá gbé ọ̀kan ní ìbú, tí mo rí etí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kan aṣọ mọ́ igi. Àwọ̀ eérú ló wà níbẹ̀. Mo gbé òmíràn. Eérú náà ni, ṣùgbọ́n èyí pọ́n díẹ̀. Ẹ̀kẹta rẹ̀ tún pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣé bí wọ́n bá ti yàwòrán kan tán, gbogbo ọ̀dà tó bá ṣẹ́ kù lórí pátákó ni wọ́n ń há sínú ìgò jáàmù kan, wọ́n á pò ó mọ́ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á da omi lé e lórí kó má gbẹ. Inú ìgò náà ni wọ́n ti máa ń bu ọ̀dà tí wọ́n á kọ́kọ́ fi kun aṣọ àwòrán tó kàn látòkè dé etí. Nípa bẹ́ẹ̀, àṣẹ́kù àwòrán kan ló ń di ìpìlẹ̀ èkejì. Bí wọ́n bá ya bọ́ọ̀sì pupa lónìí, etí àwòrán ọ̀la á pọ́n.

"O tilẹ̀ pẹ́ kó o tó rí i," ni Màmá Bọ́gì wí nígbà tí mo sáré lọ sọ fún wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò rí tú. Àwòrán àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n yà ní Bergen, ní àwọ̀ létí tirẹ̀ náà. Ó dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹ̀yìn ìkòkò. Bí kò bá sí àwòrán kankan ṣáájú rẹ̀, àṣẹ́kù kí ni? Mo béèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Máa wá a lọ," ni wọ́n wí.

Ní ìparí oṣù Máàṣì, àyà dun Màmá Bọ́gì, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́fà ní ọsibítù. Mọ́mì kò lè jẹ́ kí ẹni tó ti ọsibítù bọ̀ wá bá ìdọ̀tí nílé. Ọjọ́ ìsinmi wọn ni wọ́n fi lọ nu gbogbo ilé náà, kódà yàrá àwòrán, tí kò sí lára iṣẹ́ wọn, tí wọn kì í sì í fọwọ́ kàn. Lójú fèrèsé níbẹ̀, wọ́n rí ìgò kan tí omi dá lórí rẹ̀, tí nǹkan bí ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀, tó ń rùn bí ẹja ọjọ́ mẹ́ta. Ọkàn wọn ò ṣe méjì. Wọ́n fi ṣíbí há a sínú ọ̀rá, wọ́n jù ú nù, wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìgò náà títí ó fi ń dán, wọ́n sì ra òdòdó yẹ́lò, wọ́n tò ó sínú rẹ̀.

Òdòdó yẹn ni mo bá níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

"Mọ́mì, ìgò yìí ńkọ́?"

"Ó dáa, àbí? O ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti jẹrà pátápátá."

"Níbo lẹ dà á sí?"

"Níbo ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí?"

Mo sáré sọ àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin kalẹ̀. Ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ti kó ìdọ̀tí lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo padà gòkè tí mo ṣàlàyé, Mọ́mì jókòó sórí àga Màmá Bọ́gì, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí.

"Ọgọ́ta ọdún?"

"Ó lé ní ọgọ́ta."

"Mo fi ọṣẹ fọ ọgọ́ta ọdún," ni Mọ́mì wí, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn.

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pe Màmá Bọ́gì ní ọsibítù. Èmi ni mo ní kí wọ́n má pè. Ojú mi ti mọ eérú náà dáadáa, mo ní fọ́tò etí gbogbo àwòrán nínú kọ̀ǹpútà mi, ọ̀dà sì kún orí tábìlì. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo fi pò ó. Mo kùnà, mo tún un pò, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tó kẹ́yìn títí n kò fi mọ ìyàtọ̀ mọ́, mo sì dà á sínú ìgò náà dípò òdòdó. Inú mi tilẹ̀ ń dùn. Mo ní, "Mọ́mì, wọn ò ní mọ̀ láé."

Màmá Bọ́gì dé. Wọ́n wọ yàrá àwòrán, wọ́n ṣí ìgò náà, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n dé e padà. "Ilé mọ́, Àsúmáù. O ṣé," ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò yàwòrán. Wọ́n ní ọwọ́ ń dun àwọn. Ọ̀sẹ̀ méje ni aṣọ funfun kan fi dúró lórí igi àwòrán láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi kù nínú ìwé.

"Bí mo bá sọ fún wọn, tí wọ́n bá lé mi ńkọ́?" ni Mọ́mì bi mí lọ́jọ́ tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. "Ọdún kọkànlá rèé. Bí n kò bá sì sọ, ojú wo ni màá fi wo ilé Ọlọ́run? Àmánà ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́."

"Èmi ni mo po ọ̀dà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Ìwọ náà á sọ tìrẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lò ń lọ sí Mẹ́kà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la lọ. Mọ́mì gbé ẹ̀fọ́ elórí panla dání, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e kalẹ̀ kí wọ́n tó kúnlẹ̀.

"Dìde, orúnkún rẹ," ni Màmá Bọ́gì wí. "Ta ló kú?"

"Màmá, ohun tó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe tiyín. Èmi ni mo da tiyín nù, nígbà tí ẹ wà ní ọsibítù. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo sì fi pamọ́ fún yín. Mo ń lọ sí ilé Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Èmi ni mo po òmíràn," ni mo wí. "Èmi ni mo ní kí Mọ́mì má sọ."

 Màmá Bọ́gì ń wo ìta, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ ibùdó Peckham Rye.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti mọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pé, ọmọ yìí gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kò rùn. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń sọ lójoojúmọ́ pé, lónìí ni Àsúmáù á sọ ọ́. Ìwọ lò ń wẹ̀ mí. Kò sí ibi kan lára mi tí o ò mọ̀. O wá lọ ń fi ìgò pamọ́ fún mi." Wọ́n yí àga wọn sí fèrèsé. "Ẹ máa lọ sílé."

Nínú bọ́ọ̀sì, Mọ́mì gbé àwo ẹ̀fọ́ náà lé itan. Àwa méjèèjì gbàgbé láti fi í sílẹ̀.

"Bí wọn ò bá forí jì mí, n kò ní lọ," ni wọ́n wí.

"Mọ́mì, Alfa ti sọ pé bí ẹ bá ti tọrọ, ó tó."

"Alfa ò mọ Màmá Bọ́gì."

Fún ọjọ́ márùn-ún, Mọ́mì ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń wẹ Màmá Bọ́gì, wọ́n ń gbé oògùn fún wọn, kò sì sí ẹni tó sọ pé ọbẹ̀ ò níyọ̀. Àpótí Mọ́mì wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ṣí sílẹ̀, òfìfo. Nusaybah pàápàá ti dákẹ́ àwàdà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n lọ nígbà tí fóònù mi dún.

"Mú ìyá rẹ wá," ni Màmá Bọ́gì wí. "Kó ìwé tí o to àwòrán mi sí dání. Ẹ gbé ẹ̀fọ́ yẹn bọ̀. Ẹ gbé e lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti tẹ́ àpò ìdọ̀họ kan sórí tábìlì. Ìgò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òfìfo, ó mọ́ bí Mọ́mì ṣe fọ̀ ọ́ lọ́jọ́sí. Ọ̀dà tèmi wà nínú ife tíì kan.

"Ka àkọ́kọ́ fún mi," ni wọ́n wí.

Mo ṣí ìwé mi. "Àwòrán kìn-ín-ní, Bergen. Etí rẹ̀ dúdú. Àṣẹ́kù kí ni, n kò mọ̀."

"Iṣẹ́ mi ní ilé ìkẹ́ja-sí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa kọ ibi tí àpò ń lọ sí ara àpò. Ọ̀dà dúdú ni, epo ẹja la fi ń pò ó, torí òun ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń kọ látàárọ̀ dalẹ́, ọdún mẹ́fà. Ibẹ̀ lọwọ́ mi ti kọ́ búrọ́ọ̀ṣì dídìmú. Ìgbà tí mo ń lọ sí Bergen, bàbá mi há ìsàlẹ̀ agolo ọ̀dà náà sínú ìgò fún mi. Ó ní kí n má fi ṣòfò."

"Kí ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ?" ni mo bi wọ́n.

"LAGOS," ni Màmá Bọ́gì wí.

Mọ́mì fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá Bọ́gì na búrọ́ọ̀ṣì kan sí wọn.

"Ìwọ lo fọ̀ ọ́ nù, ìwọ ni wàá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kọ ọ́."

"Màmá, n kò ya nǹkan kan rí láyé mi."

"Èmi náà ò yà rí nígbà náà. Níbo ni epo ẹja mi tàárọ̀ yìí wà? Ojú mi lo ṣe gbé e kalẹ̀, mi ò tíì gbé e mì."

Mọ́mì mú hóró epo ẹja náà, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ hìjáábù wọn, wọ́n fi gún un, wọ́n sì fún un sínú ọ̀dà dúdú tó wà lórí tábìlì. Òórùn náà gba yàrá kan. Màmá Bọ́gì pa ojú dé, wọ́n fà á símú. Mọ́mì tẹ̀ síwájú, wọ́n sọ Bísímílàhì sábẹ́ ètè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sára àpò náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ran aṣọ. L náà tóbi jù. G fẹ́rẹ̀ẹ́ má ráyè. S gun òkè bí ẹni tó ń lọ sí àjà kẹrin láìsí líìfùtì.

"Àwọn ará Lagos ì bá dá ẹja yìí padà," ni Màmá Bọ́gì wí.

"Ará Ẹ̀pẹ́ ni mí, Màmá. Ẹ̀pẹ́ ní ẹja tirẹ̀."

Màmá Bọ́gì rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọ̀bẹ há ọ̀dà tó ṣẹ́ kù sínú ìgò. Kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. Wọ́n wá bu díẹ̀ nínú tèmi láti inú ife tíì, wọ́n pò ó mọ́ ọn.

"Èyí ńkọ́?" ni mo wí. "Irọ́ nìyẹn."

"Ó ṣẹlẹ̀, àbí kò ṣẹlẹ̀? Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀, inú ìgò ló ń lọ."

Mọ́mì ṣì di búrọ́ọ̀ṣì náà mú. "Màmá, ẹ ò tíì sọ ọ́."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Pé ẹ forí jì mí."

"Mo forí jì ọ́, Àsúmáù. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ó dé ibẹ̀, kó o padà wá bá mi. Má sì fọ nǹkan kan mọ́ nínú yàrá yìí." Wọ́n fa àwo ẹ̀fọ́ súnmọ́ ara wọn, wọ́n tọ́ ọ wò. "Kò níyọ̀."

Mọ́mì yọ ìwé búlúù náà nínú báàgì. Wọ́n wá báírò, wọn kò rí i. Búrọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi fa ìlà gbọọrọ kan la orúkọ Màmá Bọ́gì já.

Ọ̀dà elépo kì í tètè gbẹ. Kí a tó délé, ojú ewé yẹn ti lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, nígbà tí Mọ́mì sì fi ìwé náà sínú àpótí wọn, Nusaybah ń béèrè ẹni tó se panla níbẹ̀. Mọ́mì ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú, mo lọ fún Màmá Bọ́gì ní oògùn. Aṣọ funfun orí igi àwòrán náà ti di aláwọ̀ eérú látòkè dé etí, ó dúdú, ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù.